Gbogbo iyẹ̀pẹ̀ tí mo kó ló ní chromium: ṣé chromite, òkúta dúdú tí wọ́n ti ń yọ chromium, wà níbẹ̀ àbí mò ń tan ara mi?

Ọmọ_Hámà:

Ẹ̀yin àgbà orí pápá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan rú mi lójú, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti jẹ eruku àpáta jù mí lọ pọ̀ níbí.

Àwa mẹ́ta la lọ ya máàpù ibì kan tí àpáta ultramafic (irú tí magnesium àti irin pọ̀ nínú ẹ̀) ti yọrí síta, gígùn ẹ̀ á tó kìlómítà mẹ́rin, fífẹ̀ ẹ̀ ò tó ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni omi ti yí padà di òkúta serpentine, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, koríko orí ẹ̀ gan-an kúrú bákan, igi ò fẹ́ dàgbà níbẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé téèyàn bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ báyìí, igbó ni. Inú ipadò kan tó ti gbẹ la ti rí òkúta dúdú tó wúwo gan-an, mo ṣa márùn-ún sínú àpò, ọkàn mi ti fò sókè.

La bá kó iyẹ̀pẹ̀ ní ojú ibi 60, a fi ránṣẹ́ sí láàbù. Èsì dé, kò sí ẹyọ kan tí chromium inú ẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ 1,500 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan), èyí tó ga jù dé 3,400. Ẹnì kan nínú wa gbé magnetometer, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára mágnẹ́ẹ̀tì ilẹ̀, rìn yí ibẹ̀ ká, àwòrán tó jáde rí tótòtó bí awọ ẹkùn, kò síbi téèyàn lè nàka sí pé ó dá yàtọ̀.

Ọ̀gá tó gbéṣẹ́ fún wa ti ń jó, ó ní ká wá ẹ̀rọ tó ń lu ihò wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ibi 3,400 yẹn ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Tí gbogbo ibẹ̀ bá ga, èwo la wá fẹ́ mú níbẹ̀? Ẹ gbà mí.

Baba_Dunite:

Àbúrò, ní kí ẹlẹ́rọ ṣì jókòó sílé ẹ̀ ná.

Ohun tí láàbù sọ fún yín kò ju pé orí ultramafic lẹ dúró sí, ẹ sì ti mọ ìyẹn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Peridotite, irú ultramafic kan, tó wá láti mantle, ìyẹn apá tó wà lábẹ́ èèpo ayé, kódà kó má ní ọrọ̀ kankan nínú, chromium ara ẹ̀ máa ń wà láàárín 2,000 sí 3,000 ppm. Tí òjò bá wá ń lù ú tó jẹrà, magnesium á bá omi lọ, àmọ́ chromite wẹ́wẹ́ tó fọ́n ká inú ẹ̀ kì í jẹrà bọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ló máa jókòó sí, iyẹ̀pẹ̀ á wá dà bíi pé ó lọ́rọ̀ ju àpáta tó bí i lọ. Kò yàtọ̀ sí ẹni tó dé etí òkun, tó bu omi tọ́ wò, tó wá ń pariwo pé òun ti rí iyọ̀. Ore, ìyẹn òkúta tó ṣeé wà tà, tí Cr2O3 (chromium pẹ̀lú oxygen) inú ẹ̀ jẹ́ 30%, tó tiẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì kéré lójú ọ̀pọ̀ oníbàárà, chromium inú ẹ̀ ti lé ní 200,000 ppm. Ẹ gbé 3,400 yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn kẹ́ ẹ wò ó. Mo sì máa fẹ́ mọ irú ibi tẹ́ ẹ ti kó 3,400 yẹn o, tó bá jẹ́ kòtò tí iyẹ̀pẹ̀ pupa ń ṣàn jọ sí, kò ní yà mí lẹ́nu.

Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ da iyẹ̀pẹ̀ nù. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú àwo bí àwọn tó ń wa góòlù ṣe ń fọ iyẹ̀pẹ̀, kẹ́ ẹ wo ohun dúdú tó bá ṣẹ́kù sí ìdí ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kéékèèké tó dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, peridotite lásán ló já wọn sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ń rí èyí tí ẹyọ mẹ́rin márùn-ún ti lẹ̀ mọ́ ara wọn di òkìtì, ibi tí chromite ti kóra jọ nìyẹn ti já wá, ẹ tọ ipadò yẹn gòkè.

Èkejì, ẹ bi ara yín pé irú èwo lẹ̀ ń wá, torí oríṣi méjì ló wà, bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀kan kọ́ ni wọ́n ṣe ń wá ìkejì. Èyí àkọ́kọ́ tò ní ìpele ìpele nínú magma, ìyẹn àpáta yíyọ́, ńlá tó tutù síbì kan náà, irú Bushveld ní South Africa tó ti lé ní bílíọ̀nù ọdún méjì, àti Great Dyke ní Zimbabwe tí gígùn ẹ̀ tó 550 kìlómítà. Níbẹ̀, ìpele kan lè má nípọn ju mítà kan lọ, ti Great Dyke ọ̀pọ̀ ò tó ìdajì ìyẹn, àmọ́ èèyàn lè tọ̀ ọ́ lọ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà kó má já, débi pé wọ́n sọ wọ́n lórúkọ, LG6, UG2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. UG2 yẹn tiẹ̀ jẹ́ pé platinum ni wọ́n torí ẹ̀ ń wa kùsà, chromite kàn ń bá a jáde ni. Ihò méjì tó fi kìlómítà kan jìnnà síra lè ba ìpele kan náà níbẹ̀.

Èyí èkejì wà nínú ophiolite, ìyẹn ilẹ̀ abẹ́ òkun àtijọ́ pẹ̀lú mantle ìsàlẹ̀ ẹ̀ tí wọ́n tì gun orí ilẹ̀, bí ti Oman, Cyprus, Turkey, Albania, Cuba, New Caledonia. Tibẹ̀ kì í tò, bí àpò ló ṣe ń rí, tàbí bíi sìgá tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, òmíràn ò ju yàrá kan lọ, òmíràn sì tóbi bíi ti Kempirsai ní Kazakhstan tó tóbi jù nínú irú ẹ̀ láyé. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ó ń já, ó ń yí, fault, ìyẹn ibi tí àpáta ti ya tó sì sún, á gé e, á gbé ìdajì ẹ̀ lọ síbi tí o ò ronú kàn. Ihò tó bá fi mítà márùn-ún ṣì í, ó ti ṣì í nìyẹn. Látinú ohun tó o sọ, irú èyí ló dà bíi pé o ní lọ́wọ́. Ẹni tó bá wá ń lu ihò sáàárín gbùngbùn irú ibẹ̀ torí pé iyẹ̀pẹ̀ ga, ńṣe ló ń ta tẹ́tẹ́.

Ìyá_Olivine:

Baba Dunite ti sọ ọ́, mo kàn fẹ́ fi kún un níbi tí orúkọ wọn ti wá 😀

Ọmọ mi, má wá chromite, dunite ni kó o máa wá. Màá ṣàlàyé. Nínú mantle, irú peridotite tó ń jẹ́ harzburgite ló pọ̀ jù, mineral méjì, olivine pẹ̀lú pyroxene, ló wà nínú ẹ̀. Nígbà tí magma bá ń gba inú ẹ̀ gòkè, ó ń jẹ pyroxene, ó ń fi olivine rọ́pò ẹ̀, ojú ọ̀nà tó gbà yẹn á wá ku olivine nìkan, òun là ń pè ní dunite. Silica tó jẹ látinú pyroxene yẹn ti wọ inú magma, ara magma ò wá gba chromium mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, chromite á bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀ lójú ọ̀nà náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àpò chromite inú ophiolite kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láìwọ aṣọ dunite, aṣọ náà lè nípọn ìka díẹ̀, ó sì lè nípọn ọ̀pọ̀ mítà. Ó máa ń pọ̀ nítòsí ibi tí mantle ti pàdé gabbro, àpáta tó ti ara magma tutù, nítorí náà tẹ́ ẹ bá mọ ibi tí gabbro wà lórí máàpù yín, ẹ ti mọ apá ibi tẹ́ ẹ máa kọjú sí.

Báwo lẹ ṣe máa dá dunite mọ̀ nígbà tí gbogbo ẹ̀ ti di serpentine? Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi pa á. Harzburgite tí òjò ti lù máa ń rí gbágungbàgun nítorí pyroxene le ju olivine lọ, ó máa ń yọ gọngọ síta bíi kókó ara, tó o bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, á họ ọ́. Dunite máa ń dán, àwọ̀ ẹ̀ máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ilẹ̀ gbígbẹ. Kódà tí serpentine bá ti gba gbogbo ẹ̀, pyroxene àtijọ́ máa ń fi àmì sílẹ̀, pẹlẹbẹ kéékèèké tó ń kọ mànà nínú oòrùn, bastite ni wọ́n ń pè é. Ẹ gé òkúta, ẹ yí i sọ́tùn-ún sósì nínú oòrùn. Ibi tí mànàmànà yẹn bá ti tán, ẹ ti wọ dunite. Ẹ kọ ọ́ sórí máàpù, kódà tí ò bá ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ.

Kẹ́ ẹ sì wọn bí àpáta ṣe tò àti apá ibi tí ẹyọ olivine tàbí chromite nà sí. Àpò yìí, lẹ́yìn tí mantle ti ṣàn tó ti fà á, apá ibẹ̀ náà ló sábà máa ń gùn sí. Ẹni tó mọ ìyẹn á mọ ibi tó máa lọ tọ̀ ọ́ nígbà tó bá já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àti pé, ẹ sọ pé magnetometer yín rí bí awọ ẹkùn, èmi ò wá ìyẹn o, ara òkúta ni mo ti ń wá awọ ẹkùn. Nínú àpò chromite, a máa ń rí èyí tí ẹyọ dúdú rogodo rogodo bí ọmọ ayò ti wà nínú olivine tútù, tí wọ́n bá fún mọ́ra tó, ó jọ ẹkùn lóòótọ́. Ti Bushveld àti Great Dyke kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó o bá rí i, o ti mọ ilé ẹni tó o wọ̀.

Àjèjì_Orí_Pápá:

Ẹ má bínú ẹ̀yin ọ̀gá, èmi ò ka jíólọ́jì, mo kàn ń tẹ̀ lé yín ni. Ṣebí tí òkúta bá ti dúdú tó sì wúwo, chromite náà nìyẹn? Kí ló dé tí wọn ò kàn ṣà á?

Awakùsà_Àtijọ́:

@Àjèjì rárá o, magnetite, òkúta irin tí mágnẹ́ẹ̀tì ń fà, ti fi ìyẹn yọ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, èmi náà wà níbẹ̀. Inú serpentine kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, wọ́n jọ dúdú, wọ́n jọ wúwo. Ẹ wá ẹ̀yìn táìlì tí kò dán, ẹ fi òkúta náà fa ìlà lé e lórí. Chromite á fa ìlà tó pọ́n bí igi, magnetite á fa dúdú. Ẹ tún gbé mágnẹ́ẹ̀tì kékeré kan mọ́ ọn, magnetite á fà á ṣùà, chromite á kàn ṣe bíi pé kò gbọ́, bóyá kó fà díẹ̀. Ọmọ_Hámà, ṣé o ti ṣe èyí fún àwọn márùn-ún yẹn? O ò sọ ọ́.

Ní ti koríko tó kúrú yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Ní 1827, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Isaac Tyson kékeré rí òkúta dúdú tí wọ́n fi há ẹ̀gbẹ́ àgbá lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ́jà kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kí àgbá má baà yí. Chromite ni. Òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó béèrè ibi tí wọ́n ti gbé e wá, ó wá kíyè sí i pé orí ilẹ̀ serpentine tí igi ò ti dàgbà dáadáa nìkan lòkúta yìí ti ń jáde. Ló bá ń tọ ilẹ̀ gbígbẹ yẹn lẹ́yọ lẹ́yọ ní Maryland àti Pennsylvania, ó ń rà á, ó ń háyà ẹ̀, fún bí ogún ọdún lẹ́yìn náà àdúgbò yẹn ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú chromite tí gbogbo ayé ń lò. Kò ní magnetometer, kò ní láàbù.

Ti Kemi ní Finland náà, 1959, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ojú omi, ìgbà yẹn ni òkúta ẹ̀ hàn. Oríire wà nínú iṣẹ́ yìí ṣá, àmọ́ ẹni tó mọ ohun tó ń wò ni oríire máa ń bá.

Milligal:

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, torí mo rí i pé magnetometer ni wọ́n kọ́kọ́ gbé.

Serpentine fúnra ẹ̀ ló ń bí magnetite. Tí omi bá ń sọ olivine di serpentine, irin tó wà nínú olivine ò ríbi gbé, á di magnetite, níbì kan púpọ̀, níbì kan díẹ̀. Ohun tó ṣe awọ ẹkùn yín nìyẹn, ariwo serpentine lẹ̀ ń gbọ́, ohùn chromite kéré sí i. Ẹ má jù ú nù, ó wúlò láti fi rí ààlà serpentine àti fault, àmọ́ kò lè bá yín nàka sí àpò.

Gravity, ìyẹn wíwọn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan, ló bá a mu, nítorí chromite tó fún pọ̀ máa ń lé ní 4 nínú ìwọ̀n wúwo tá a bá fi wé omi, serpentine ò ju nǹkan bíi 2.6 lọ. Wọ́n ti dán an wò ní Camagüey ní Cuba láti àwọn ọdún 1950. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ kójú má baà tì wá. Ẹ jẹ́ ká ní àpò kan rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, mítà 10 láti àárín sí etí, ìyàtọ̀ wúwo ẹ̀ sí àpáta tó yí i ká 1.8, àárín ẹ̀ wà ní mítà 20 sísàlẹ̀. Chromite tó wà níbẹ̀ á tó 18,000 tọ́ọ̀nù, kì í ṣe kékeré. Ohun tí gravity máa fi hàn lókè ò ju 0.13 milligal (ìwọ̀n ìfà kékeré) lọ. Kó tún wá wọlẹ̀ dé mítà 40, á ku 0.03. Tó o bá sì fi ìdajì mítà ṣi gíga ibi tó o gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ kọ, àṣìṣe ìyẹn nìkan ti tó 0.1. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ohun tí wọ́n ń fi rin gbogbo kìlómítà mẹ́rin, ibi tí dunite bá wà lẹ máa lọ tẹ́ ẹ sí, mítà 10 sí mítà 10, kẹ́ ẹ sì wọn gíga ẹ̀ dáadáa.

Ó sì lè tan èèyàn. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe gravity síbì kan rí, ilé iṣẹ́ tó gbà mí ò ní kí ẹnikẹ́ni ya máàpù àpáta, wọ́n ní owó ò tó. Ibì kan ga dáadáa, ó rẹwà, gbogbo wa ń yọ̀, wọ́n lu ihò, ẹ mọ ohun tó jáde? Dunite tútù minijọ tí serpentine ò tíì fọwọ́ kàn, 3.3 ni tiẹ̀, ó dúró sáàárín serpentine bí erékùṣù. Chromite kankan ò sí níbẹ̀. Òkúta yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi.

Ọmọ_Hámà:

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin ìyá ẹ̀yin bàbá, ẹ̀gbọ́n Milligal ẹ kú ìrọ́jú 😂

Mo ti fa ìlà. Ojú tì mí díẹ̀. Mẹ́ta nínú márùn-ún fa dúdú, mágnẹ́ẹ̀tì gbá wọn mú bíi pé wọ́n jẹ gbèsè. Méjì ló fa ìlà pípọ́n. Èyí tó kéré nínú àwọn méjèèjì yẹn, mo fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa, mo gbé e sínú oòrùn, Ìyá mi, ọmọ ayò yẹn wà níbẹ̀! Nǹkan bí ẹyọ mẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó èékánná ìka kékeré mi, nǹkan tútù fẹ́ẹ́rẹ́ ló yí wọn ká.

Mo padà lọ lánàá, mo tọ ipadò náà gòkè. Bí mo ṣe ń lọ, mo ń ṣà, mo ń wo etí wọn, nísàlẹ̀ wọ́n rí róbótó, lókè etí wọn ń mú sí i, ó débì kan wọn ò sí mọ́ rárá. Mo wá yà sí ọ̀tún níbẹ̀ nítorí ọ̀tún ló ga. Mo fọwọ́ gbá àpáta bẹ́ ẹ ṣe wí, ó ń họ mí, ó ń họ mí, ó wá dán. Mo ka ìṣísẹ̀ mi láti ìgbà tó dán títí tó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í họ mí, 31. Kò sí chromite tó yọ síta lórí ẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ bò ó láàárín.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé a ti kó iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, mo lọ wò ó nínú èsì, 2,100, a ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ibi 3,400 yẹn, bí Baba Dunite ṣe sọ gẹ́lẹ́ ló rí, kòtò ni, iyẹ̀pẹ̀ pupa kún inú ẹ̀ bámú.

Ọ̀gá ṣì ń sọ pé ibi 3,400 yẹn ni ká lù. Kí ni mo máa sọ fún un? Àti pé, irú èyí tí a rí yìí, ṣé á tà?

Baba_Dunite:

O káre ọmọ. Ṣé o rí i báyìí.

Fún ọ̀gá, má bá a jiyàn lórí ihò, sọ fún un pé owó ọjọ́ kan péré tí ẹ̀rọ máa fi lu ihò, ẹ lè fi í gbẹ́ kòtò gígùn kan kọjá lórí dunite yẹn, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí ìsàlẹ̀ iyẹ̀pẹ̀. Ohun tó bá jáde níbẹ̀ ló máa sọ ibi tí ihò máa lọ àti apá ibi tó máa dagun sí. Tí ò bá sí nǹkan kan, ẹ ti fi owó díẹ̀ mọ̀.

Ní ti pé ṣé á tà, ó ti yá jù. Ẹ fún láàbù ní chromite fúnra ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má fún wọn ní iyẹ̀pẹ̀ mọ́, ẹ béèrè Cr2O3, FeO, Al2O3 àti MgO. Iye chromium sí irin ni àwọn tó ń ṣe ferrochrome (chromium pọ̀ mọ́ irin) fún irin tí kì í dípẹtà kọ́kọ́ ń wò, ti ophiolite sábà máa ń dára lápá ibẹ̀, ó lè dé mẹ́ta sí ọ̀kan, nígbà tí ti Bushveld máa ń wà ní nǹkan bí ẹyọ kan àbọ̀, wọ́n sì ń tà á lọ ràì nítorí pé ó pọ̀. Tó bá wá jẹ́ pé aluminium ló pọ̀ nínú tiyín, bíi ti Coto ní Philippines, àwọn tó ń ṣe bíríkì inú iná ìléru ló máa wá a. Ibi tí ọ̀nà wà àti bí àpò náà ṣe tóbi tó ló máa parí ọ̀rọ̀, ẹ ò sì tíì mọ ìyẹn.

Ìyá_Olivine:

Ọmọ ayò yẹn pa mí lẹ́rìn-ín 😀 ẹ kú oríire.

Kẹ́ ẹ tó gbẹ́ nǹkan kan, ẹ yẹ ara serpentine yẹn wò bóyá okùn funfun tàbí tútù tó rí bí òwú wà nínú àlàfo ẹ̀. Chrysotile nìyẹn, asbestos ni, eruku ẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa fi omi rin ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́, ẹ ra ìbòmú tó ń ṣẹ́ eruku gidi, ẹ má fi hánkáṣífù tan ara yín jẹ, ẹ má sì gbé aṣọ tẹ́ ẹ fi gbẹ́lẹ̀ wọlé lọ bá ọmọ.

Ọmọ_Hámà:

Okùn funfun wà o mà, mo rò pé ó kàn rẹwà ni, mo tiẹ̀ fi ọwọ́ yọ díẹ̀. Màá ra ìbòmú kí n tó ṣe ohunkóhun.

Ọ̀gá ti gbà, ó ní òun fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta. Kòtò yẹn, ṣé kó tọ gígùn dunite lọ ni àbí kó dá a kọjá?

Baba_Dunite:

Kó dá a kọjá. Bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ń họ ọ́ lọ́wọ́, gbà á kọjá, má dúró títí á fi tún họ ọ́ lápá kejì.